Ohun Tó Wà Ní Àtàrí Rẹ Kì í Ṣe Ojú Òṣùká

Ráfíátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Sàlíù ọkọ rẹ, mo sì kí Àwáwù ọmọ-ọmọ mi tó ti ń fi Faransé bá mi jà lórí fóònù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tuntun tí ẹ kó sí ní Cotonou tù yín lára, kí iṣẹ́ tí o rí ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní èbúté sì jẹ́ iṣẹ́ ayọ̀. Gbogbo Tchaourou ló mọ̀ pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Àwọn tí kò mọ̀, mo ti lọ bá wọn nílé.

Ó yẹ kí ìwé yìí jẹ́ ìwé ìdùnnú. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń ro ohun tí màá kọ sínú rẹ̀: bí èèyàn ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, bí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ aládàáni ṣe lè ráyè fún ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Parakou tó gbá gbogbo ìyẹn kúrò lọ́kàn mi. Mo pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ náà mọ̀ pé mo pè ọ́. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Mama, ojú òṣùká ni, ṣebí Tata ti sọ." Ni ọ̀gá rẹ bá pè ọ́, o sì pa fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìkì àti bébà. Ọ̀rọ̀ orí fóònù, o lè fi ẹ̀rín gé e kúrú. Èyí, o máa kà á dé ìsàlẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mùsíò tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé fẹ́ bá mi kọ ọ́ kí ó lè yá, mo ní rárá. Ó wo ojú ewé àkọ́kọ́, ó béèrè pé àwọn òwe mi dà, nítorí ó mọ̀ pé mi ò lè kọ gbólóhùn méjì kí n má pa òwe sí i. Mo ní kò sí òwe lónìí. Bí mo bá pa òwe, ọmọ mi máa rò pé mò ń ṣeré.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí o wá dágbére fún wa. O jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìn ilé ìdáná, bí o ṣe máa ń ṣe nígbà tí o wà ní kékeré, mo sì ń bá ọ tú mẹ̀ṣì tí o fi kún irun rẹ. Nígbà tí mo dé àtàrí, ọwọ́ mi dúró. Ibẹ̀ ń dán. Kò sí irun níbẹ̀, ó tó ìdí ife tíì kékeré, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka mi. Àwọn irun tó yí i ká rí wẹ́wẹ́, wọ́n ń já bí koríko ìgbà ọyẹ́. Tata Sìkírátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo nǹkan," ó ní. "Òṣùká ti ríbi jókòó sí lórí akọ̀wé wa."

Gbogbo ilé ló yọ̀. Wọ́n fi òrí pa á fún ọ, wọ́n kí ọ kú iṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Tata ti fi àwẹ́ aṣọ aláràbarà hun òṣùká tuntun kan fún ọ, bí wọ́n ṣe hun ún fún òun, bí wọ́n ṣe hun ún fún èmi náà. O fi í sínú báàgì pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwáwù sọ fún mi pé ara ògiri pálọ̀ yín ló wà báyìí.

Nítorí Àwáwù, tó lè ka ìwé yìí tó bá dàgbà, jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwọ ti mọ̀. Obìnrin ilé wa ń rẹrù. Iṣu láti oko wa ní apá Sanson, èédú, gàrí, kajú, orí la fi ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde sí ojú ọ̀nà títì. Òṣùká tó wà láàárín orí àti ẹrù ń jókòó síbì kan náà lójoojúmọ́, títí irun ibẹ̀ á fi lọ. Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ilé tiwa, oyè ni. Ọjọ́ tí àgbà obìnrin bá rí i lórí rẹ, ó máa hun òṣùká tuntun fún ọ, láti ọjọ́ náà lọ kò sí ẹni tó tún lè pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, ẹ̀gbọ́n rẹ Mùsá ṣì ń rá. Inú mi dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Ìyàwó ilé tí àtàrí rẹ̀ bá ṣì kún fún irun lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ojú la fi ń wò ó nígbà tí ó bá ń bu ọbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ lọ tán, mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gba ilẹ̀ ibi tí a ti tú irun rẹ. Mo ń ṣa àwọn irun náà jọ ni ìbéèrè kan bá dé sí mi lọ́kàn, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹrù wo?

Ráfíátù, ẹrù wo lo rù rí? O kéré gan-an nígbà tí a mú ọ lọ sọ́dọ̀ Tonton rẹ, àbúrò bàbá rẹ, ní Parakou láti lọ kàwé. Nínú ìsinmi, tí a bá ń lọ sóko, bàbá rẹ máa ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀ kó ka ìwé rẹ̀. Báàgì ìwé lo gbé, ẹ̀yìn lo fi gbé e. Lẹ́yìn náà o gbé báàgì ọwọ́. Òṣùká tí Tata hun fún ọ yẹn ni òṣùká àkọ́kọ́ tí o ní láyé rẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹrù ló ń ṣe é, ta ló bá ọ rù ú?

Mo bi Tata. Ó ní agbára ni mo fi ta ọ́ lọ́rẹ, pé ìyá rù ú, orí ọmọ gbà á. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ìbéèrè náà.

Nígbà tí mo lọ sí Parakou, kì í ṣe nítorí irun ni mo ṣe lọ. Láti ìgbà tí a ti ń ṣa kajú ni egbò kan ti wà ní àtàrí mi, láàárín ojú òṣùká mi gan-an. Ó ní èépá, ó le bí ẹ̀yìn alángbá. Èépá náà á ṣí, á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Mo rò pé abẹ́rẹ́ tí mo fi ń de ìborí ló ń ha mí. Mo fi òrí sí i, mo fi ewé sí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí a ṣe ti mọ́sálásí dé, Mùsá rí ẹ̀jẹ̀ lára ìborí mi funfun. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n wọ bàtà mi. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó jẹ́ pé àìsàn awọ ara àti irun nìkan ló ń tọ́jú.

Obìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ, ọmọ apá Ṣábẹ̀ ni, ó gbọ́ èdè wa. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tú ìborí mi. Mo tú u bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tuntun han àlejò. Mo ní kó má bẹ̀rù, ojú òṣùká mi nìyẹn, iṣẹ́ ló ṣe é, egbò kékeré tó wà láàárín rẹ̀ ni kó bá mi wò.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú dígí kékeré kan tó ní iná lára, ó gbé e lé àtàrí mi, ó ń ya irun tó yí i ká díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní àwọn ìbéèrè kan. Ó ní nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ṣé ó yún mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń jó mi? Mo ní ó ń ta bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á. Ṣé ìrorẹ́ wẹ́wẹ́ yọ sí i? Ṣé ó ń dùn mí tí ọwọ́ bá kàn án? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, mo sì ń wò ó, mò ń rò ó pé ta ló sọ fún un. Mo ní ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé òṣùká ló ń wá ibi jókòó, kí n fara dà á. Mo fara dà á.

Ó wá béèrè pé, "Mama, lára àwọn obìnrin ìdílé yín, ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó ní irú èyí tí kò rẹrù rí?"

Ráfíátù, mo yíjú sí Mùsá. Ìbéèrè tó dé sí mi lọ́kàn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi ni wọ́n tún ń bi mí níbẹ̀, ní Parakou, lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Mùsá ló dáhùn fún mi. Ó ní, "Àbúrò mi obìnrin."

Dókítà fa àga, ó jókòó níwájú mi. Ó ti fi dígí yẹn ya fọ́tò sórí fóònù rẹ̀, ó fi hàn mí. Ní etí ibi tó pá náà, mo rí àwọn ihò kéékèèké, irun ń yọ nínú wọn bí èèhù iṣu tó ń jáde lórí ebè. Ní àárín, kò sí ihò kankan. Ó dí pátápátá, ó ń dán bí ẹ̀yìn igbá.

"Ibi tí ihò bá ṣì wà, irun lè padà síbẹ̀," ó ní. "Ibi tó bá ti dí, àpá ni, gbogbo òrí Tchaourou kò lè mú un hù mọ́. Ẹrù lè fa irun, ó lè já a, ó lè dá kún un. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wò yìí, àìsàn ni, Mama. Abẹ́ awọ ló wà, ó ń pa gbòǹgbò irun. Ó máa ń wà nínú ìdílé. Àtàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa fẹ̀ lọ."

Mo ní àìsàn kẹ̀? Mo ní wọ́n hun òṣùká tuntun fún mi. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe kí mi kú iṣẹ́, bí ìyá ọkọ mi ṣe mú mi lọ́wọ́ kiri agbo ilé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ohun ara mi. Kò sí ibì kan láyé tí wọ́n ti ń kí èèyàn kú oríire àìsàn. Àwa ṣe é, a fi òrí pa á, a sì pàtẹ́wọ́.

Kò tíì tán. Ó ní kí n ká apá aṣọ mi sókè, kí n fi abẹ́ apá mi lókè hàn án. Ó ní kí n fọwọ́ kan ibẹ̀, kí n tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Abẹ́ apá mi jọ̀lọ̀, àfi bí ìgbà tí mo wọlé ọkọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi hunjọ, ó ní àmì dúdú dúdú, ó gbẹ. Mo ń wo méjèèjì lára èèyàn kan ṣoṣo, ó dà bí pé wọ́n fi apá ìyá rán mọ́ apá ọmọ.

"Ọjọ́ kan náà la bí àwọn méjèèjì," ó ní. "Oòrùn ló ya wọ́n."

Mo ti máa ń sọ pé ọjọ́ orí ló hun ojú mi jọ. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, oòrùn ló ṣe é. Ó ní awọ dúdú wa ń bá oòrùn jà ju awọ funfun lọ, ṣùgbọ́n àpá tí kò ní irun kò ní agbára ìjà. Ó bi mí bóyá mo máa ń bo orí lóko. Kí ni kí n sọ? Láti ìgbà tí mo ti fi ẹrù sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó kékeré, inú oko kajú ni mo máa ń wà, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá tú ìborí sí èjìká nítorí ooru. Mo tún máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọdé inú oko rí ojú òṣùká mi, kí wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́. Bí mo ṣe ń fi yangàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń sè é. Ó ní egbò tó wà níbẹ̀ yẹn, oòrùn ló bí i, pé irú rẹ̀ a máa di jẹjẹrẹ nígbà míì tí èèyàn bá fi sílẹ̀.

Mo di ọwọ́ Mùsá mú. Mi ò ti ì di ọwọ́ rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti já a lẹ́nu ọmú.

Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára, ó gé egbò náà kúrò. Ó tún mú ẹyọ awọ kékeré kan, kò tó hóró àgbàdo, láti etí ibi tó pá náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mú un láàárín, níbi tí àìsàn náà ti hàn gbangba. Ó ní, "Àárín ti parí, Mama, kò ní sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Etí rẹ̀ ni àìsàn náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ la ti máa mọ orúkọ rẹ̀."

Èsì ti jáde. Egbò náà kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú ọ̀nà ibẹ̀ ló wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àìsàn irun náà, ohun tí dókítà sọ ni. Ó fún mi ní ìpara tí màá máa fi pa etí rẹ̀ kó má baà fẹ̀ sí i. Ohun tó lọ ti lọ. Bí mo ṣe ń dìde, ó ní, "Tiyín ti pẹ́. Ti ọmọ yín kò tíì pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó tètè lọ."

Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ìdí ife tíì ni tìẹ. Tèmi ti tó àwo ọbẹ̀.

Wàyí o, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Ìkínní. Lọ bá dókítà awọ ara ní Cotonou. Má lọ sí sálọ́ọ̀nù, má lọ bá ẹni tó ń ta oògùn irun ní ọjà. Tú mẹ̀ṣì náà kí o tó lọ, má fi òróró kankan sí i, kí wọ́n lè rí i bó ṣe wà. Má sọ pé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Nínú ìsinmi kan tí o wá, o sọ fún mi pé orí ń ta ọ́, mo sì dá ọ lóhùn bí ìyá ọkọ mi ṣe dá mi lóhùn. Sọ fún wọn pé ó ń ta ọ́. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní i, pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà ní i, ṣebí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ìyá mi àti ìyá bàbá rẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹyọ awọ, jẹ́ kí wọ́n mú un, kò dùn ju kí ẹ̀gún gún ọ lẹ́sẹ̀ lọ. Kí wọ́n mú un ní etí. Bí wọ́n bá gbàgbé, rán wọn létí.

Ìkejì ni irun rẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ń mú ọ̀dọ́, mo fi irin gbígbóná na irun mi fún ọdún Iléyá kan, òórùn irun tó jó kún yàrá, mo sì ní ẹwà ni. Orí mi dùn mí títí a fi jẹ ẹran tán. Ìwọ ní tìẹ ní dẹfirisan, ìpara tí ẹ fi ń na irun. Fi sílẹ̀. Mẹ̀ṣì tó wúwo, dídì tó le débi pé èèyàn kò lè pajú dé, fi wọ́n sílẹ̀. Tí ẹni tó ń dì í fún ọ bá ní kó o fara dà á, dìde lórí àga rẹ̀. Nínú ilé yìí, a ti fara dà á tó. Má sì de ìborí lé irun tútù, má dè é le.

Àwáwù ńkọ́? O ní o fẹ́ kí wọ́n máa di irun rẹ̀ wẹ́wẹ́ nítorí ilé ìwé. Dì í fún un ní ńlá ńlá, kó rọ̀. Máa wo àtàrí rẹ̀ ní ìgbàkígbà tí o bá ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ-ọmọ mi tó mọ Faransé tó báyìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni hun òṣùká fún un.

Nípa oòrùn, mo ti sọ èyí tó ṣe mí. Cotonou ní oòrùn, etíkun sì tún ń dá a padà sójú èèyàn. Gbé agbòjò, bo orí, bo ọrùn. Àwọn ará ọ́fíìsì rẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé ará oko ni ọ́. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Má sì torí pé mo ní oòrùn ń ba awọ jẹ́ kí o wá lọ ra ìpara tó ń bó ara. Kí n tó wọlé ọkọ, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ẹnubodè dé, mo fi pa ojú nìkan nítorí pé ojú nìkan ni owó mi ká. Ojú mi pọ́n, ọrùn mi dúdú. Bàbá rẹ bi mí bóyá mo ṣubú sínú ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo padà sóko, oòrùn fi àmì dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, àwọn tí o máa ń fi ìka kà nígbà tí o wà lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ìbímọ ló fà á.

Fi hàn Sàlíù. Àwáwù sọ fún mi pé o máa ń de ìborí sùn, tí bàbá rẹ̀ bá wọlé tí orí rẹ wà lásán, o máa ń sáré wá ìborí náà. Ọkọ rẹ ni. Bí o bá fi àìsàn náà pa mọ́ fún un nígbà tó ṣì kéré, òun ló máa kọ́kọ́ bi ọ́ nígbà tó bá di àwo ọbẹ̀.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà mọ́. Jẹ́ kí n sọ ti Tata, nítorí mo mọ̀ pé òun lo máa fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo ti Parakou dé pẹ̀lú bándéèjì lórí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú gbogbo ilé. Ó gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ohun tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́ lo ń pè ní àrùn?" Mo ní, "Tata, èmi kọ́ o. Ẹ ṣáà bi Ráfíátù pé ẹrù wo ló rù." Ó dìde, ó wọlé. A kò jọ jẹun. Tí mo bá kí i, imú ló fi ń dá mi lóhùn. Mo rò pé mo ti da ilé rú.

Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án kan, ó ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì tú ìborí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ Tata, mi ò rí i kó tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni rí.

"Wo etí rẹ̀ fún mi," ó ní.

Mo wò ó. Etí rẹ̀ pọ́n, ó ń ṣí wẹ́wẹ́. Mo fi ìka kàn án, ó fa èjìká rẹ̀ sókè. Mo béèrè bóyá ó ń ta á. Ó ní ó ti ń ta òun kí n tó wọ ilé yìí, pé kò sí alẹ́ kan tí kò ta òun rí, pé bí wọ́n ṣe ń kí òun kú iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń ta òun lọ́wọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ni màá sọ fún?" ó ní. "Inú gbogbo yín ń dùn."

Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní náà. Ráfíátù, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù, ó ju ti jẹjẹrẹ lọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ni obìnrin yìí fi ń rẹ́rìn-ín tí orí ń jó o, òun náà ló sì hun òṣùká fún wa. Ẹ̀rín tí o rín fún mi lórí fóònù, mo ti wá mọ ẹni tí o kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mùsá máa mú Tata lọ sí Parakou. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó mú òun lọ. Èmi ní tèmi, mò ń bọ̀ ní Cotonou. Mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, mo ti di ẹrù mi. Má bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ dè mí, má sì dá ara rẹ láàmú pé ilé kò tíì tò. Má di irun, má fi mẹ̀ṣì kún un. Tí mo bá wọlé, màá wá àga kan, wàá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, Sàlíù á gbé iná wá, a máa wo etí rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wa lẹ́nu ọ̀nà dókítà.

Tata ní kí n sọ fún ọ pé kí o yọ òṣùká òun kúrò lára ògiri. Ó ní aṣọ rẹ̀ dáa, kí o má jù ú nù. Kí o máa fi gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bọ̀ wá bá ọ,
Sàlámátù, ìyá Mùsá, ní Tchaourou